Ṣé Dandan Ni Kó Dùn Wá?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìjà orí fóònù ló bí i. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ìlú Ọba la jọ jà á, owó fóònù sì tán kí ìjà tó parí. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju tìmùtìmù kékeré méjì lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn sókè díẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 3. Ó ní ara ti wá tu òun. Èmi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti juwọ́ sílẹ̀ nìyẹn?"

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́. Èmi ni ẹni tí ẹ máa ń rí ní kíláàsì ní aago mẹ́ta òru, tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Láti ọdún kìíní ni mo ti ń ṣe é. Bí àga tó ní ẹ̀yìn bá wà níbẹ̀, bẹ́ńṣì ni mo máa ń wá lọ. Bí ìwé kò bá wá yé mi, màá wo bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, inú mi á sì rọ̀ pé ó kéré tán, mo jìyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní triathlon. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tún fẹsẹ̀ sáré, kò sí ìsinmi láàárín. Èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni Ironman, tó bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii lọ́dún 1978. Ọkùnrin 15 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 12 ló parí rẹ̀. Kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀, ọjọ́ kan náà! Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì débẹ̀ o. Ìdajì rẹ̀ ló ń ṣe, níbi tí ti kẹ̀kẹ́ ti jẹ́ kìlómítà 90. Ìyẹn náà kì í ṣe eré ọmọdé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn tó ti lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, tó sì mọ̀ pé eré ẹsẹ̀ ṣì ń dúró de òun.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kì í ṣe ọ̀nà ni oníkẹ̀kẹ́ ń bá jà, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti borí afẹ́fẹ́ yẹn á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ̀yin ará fisíìsì, ẹ ti mọ èyí tipẹ́. Ohun tó ń gba afẹ́fẹ́ náà sára jù kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ara ẹni tó gùn ún ni. Nínú eré kẹ̀kẹ́ alágbo, èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kí afẹ́fẹ́ má baà rí i. Nínú Ironman, èèwọ̀ nìyẹn, wọ́n á fìyà jẹ ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn. Olúkálukú ni yóò fi àyà ara rẹ̀ la afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí èèyàn ká ara rẹ̀ kò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á so irin méjì mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n nà síwájú bí ìwo. Aero bar ni wọ́n ń pè é. Tìmùtìmù méjì á wà ní ìdí wọn, orí ìyẹn ni ìgbúnwọ́ máa sùn lé. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ bíi tábìlì, ọwọ́ méjèèjì á pàdé níwájú ojú. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ óò rò pé ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí. (Àwọn àgbà ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwà.)

Àlòkù ni ẹ̀gbọ́n mi ra kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó wo fọ́tò àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, ó sì ń rẹ iwájú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí ó fi jọ tiwọn. Ó dúró síwájú dígí, ó rí i pé ó dáa. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ di méjì. Ọrùn ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, torí ẹni tó dojú bolẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé orí sókè kó tó lè ríran. Èjìká tẹ̀ lé e. Eékún ń kan ikùn nígbà tí pẹ́dà bá dé òkè, mímí di wàhálà. Èyí tó wá burú jù ni ti ìdí. Nígbà tí ìbàdí bá yí síwájú báyẹn, egungun ìdí tí Ọlọ́run dá fún ìjókòó kò ní kan ìjókòó dáadáa mọ́. Ibi rírọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ibi tí a kì í dárúkọ láwùjọ, ni yóò máa gbé ẹrù. Ibẹ̀ kú. Á kú lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, kò sì ní jí títí di ọjọ́ kejì. Oṣù mẹ́rin ni nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó ní òun rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ọkùnrin tó bá gbóyà nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdíje, kìlómítà 40 péré ló fi dọ̀bálẹ̀. Ó dìde jókòó fún 50 tó kù, ó na àyà gbọọrọ fún afẹ́fẹ́ bí ẹni tó gùn lọ sóko. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, kò nà. Eré ẹsẹ̀ kìlómítà 21 tó yẹ kó sá, rírìn ló rìn ín, àwọn ìyá arúgbó sì ń kọjá lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n sún ìjókòó síwájú, kí gbogbo ara lè jọ yí síwájú lórí ìdí pẹ́dà, bí ìgbà tí a bá da àga síwájú pẹ̀lú ẹni tó jókòó lé e: ojú rẹ̀ á dọ́dọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí itan ti pàdé ikùn kò ní há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àwọn oní-triathlon gan-an nìyẹn láti ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n fún un ní ìjókòó tí kò ní imú. Wọ́n gbé tìmùtìmù sókè, wọ́n sì sún un títí ìgbúnwọ́ fi bọ́ sí ibi tí egungun apá á ti máa gbé àyà dúró fúnra rẹ̀, bí òpó ṣe ń gbé àjà. Tẹ́lẹ̀, iṣan ló ń gbé e. Iṣan máa ń rẹ̀, egungun kì í rẹ̀. Wọ́n tún fi apá pẹ́dà tó kúrú díẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, kí eékún má baà ga jù. Ìyẹn ni gbogbo sẹ̀ntímítà 3 tí mo torí ẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀ fún kìlómítà 90 gbáko, ó sì sáré lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ óò ní ìjà ti parí nìyẹn, ó ti jàre. Rárá o. Mo ní èsì, èsì mi kò sì burú. Mo bi í pé: bí sẹ̀ntímítà 3 bá dáa, kí ló dé tí kì í ṣe 10? Kí ló dé tí ẹ ò kúkú gbé àga onítìmùtìmù sórí kẹ̀kẹ́? Ìrọ̀rùn kò ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé e lónìí, kò mọ ibi tó máa mú un dé lọ́la. Ṣùgbọ́n ìnira ní ẹnu ọ̀nà: o mọ̀ pé o wà níbẹ̀, o mọ̀ pé o kò sá. Mo sì fi kún un pé, ta ni yóò yin ẹni tí nǹkan rọ̀ lọ́rùn? Èdè wa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá dùn, dùn ni. Ohun tó bá ń dùn mí, dùn náà ni. Ẹnu kan náà la fi ń pè é, ohùn kan náà.

Ibi tí owó fóònù ti tán nìyẹn. Mo wá jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo ń rò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa àwọn tó ti fi ara wọn ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1989, Tour de France ku kìlómítà 24.5 péré, láti Versailles wọ Paris, olúkálukú pẹ̀lú aago. Wọ́n ti gun ohun tó lé ní kìlómítà 3,200. Laurent Fignon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìṣẹ́jú-àáyá 50 ṣíwájú Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà. LeMond gbé irin oníwo tí àwọn oní-triathlon ń lò wá, ó ká ara rẹ̀ kò sórí rẹ̀. Fignon kò lo irú irin bẹ́ẹ̀, kò dé àṣíborí, irun rẹ̀ tó dì sẹ́yìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. LeMond fi ìṣẹ́jú-àáyá 58 yá jù ú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 8 ló fi gba gbogbo ìdíje náà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rèé. Egbò wà ní ìdí Fignon lọ́jọ́ yẹn, láti ara ìjókòó kẹ̀kẹ́. Agbára káká ló fi ń jókòó. Bí ìrora bá jẹ́ owó, òun ló yẹ kó ra ife-ẹ̀yẹ. Kí a má ṣàbòsí, LeMond náà ti jẹ ìyà tirẹ̀: wọ́n ṣèèṣì yìnbọn lù ú lóko ọdẹ lọ́dún 1987, ọta sì ṣì wà nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ wọ Paris. Ìyà Fignon, ìyà LeMond, aago kò ka ọ̀kankan. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi ò dùn sí i rárá. Ó dà bíi pé ẹnì kan sọ fún mi pé ilé ìfowópamọ́ tí mò ń kówó sí láti ọdún kìíní kò sí.

Ẹnì kejì ni Graeme Obree, ará Scotland, tí kò lówó. Fúnra rẹ̀ ló kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì yọ bẹ́rìn kan lára ẹ̀rọ ìfọṣọ fi sí i. Ó rí i pé bí òun bá ká apá sábẹ́ àyà, bí ẹyẹ tó pa ìyẹ́ dé, ara òun á wọ inú afẹ́fẹ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ní oṣù Keje ọdún 1993, ó lọ sí Hamar ní Norway láti gbìyànjú ìdíje wákàtí kan: kìlómítà mélòó lèèyàn lè gùn ní wákàtí kan ṣoṣo? Francesco Moser ará Ítálì ló ni 51.151 láti ọdún 1984. Lọ́jọ́ kìíní Obree kùnà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lóru ọjọ́ yẹn, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ó mu omi púpọ̀ kó tó sùn, kí ìtọ̀ lè máa jí i, kí ó lè máa dìde na iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà gan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun kìlómítà 51.596.

Omi lóru. Ẹ rí i pé mo kọ́kọ́ yọ̀. Mo ní, ẹ wá wò ó, akin bíi tèmi! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, ojú tì mí. Omi Obree ní ibi tó ń lọ: iṣan ń gan, nínà ló ń fẹ́. Omi tèmi ń jẹ́ kí ojú mi là, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í gba ojú nìkan wọlé. Ọ̀pọ̀ òru ni mo ti la ojú sílẹ̀ wo ojú ewé kan náà. Ìnira kan wà tó ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú: ẹsẹ̀ tó ń jó, èémí tó ń ké. Ẹ̀gbọ́n mi ò yọ ìyẹn kúrò, kódà ó ní ó ti pọ̀ sí i nísinsìnyí tí òun lè fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà. Ìnira mìíràn wà tó kàn jókòó tì ọ́ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, tó ń bá ọ jẹun, tí kò bá ọ ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì máa ń ta ara bákan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ara kì í sọ èwo nìyí.

Èsì ìbéèrè mi nípa sẹ̀ntímítà 10 sì wà nínú ìtàn kan náà. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ pé ó tó. Bí wọ́n bá gbé e sókè jù, eré á dínkù. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, kò ní lè dúró síbẹ̀, eré náà á dínkù. Ibi tó yẹ kó wà kì í sì í ṣe ibì kan náà fún gbogbo ọ̀nà. Ohun tí Obree fara dà fún wákàtí kan, ẹni tó ń lọ kìlómítà 180 kò lè fara dà á fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò sì sọ ọ́ di ojo. Ó kàn mọ bí ọ̀nà òun ṣe gùn tó ni.

Àwa ńkọ́? Ta ló mọ bí tiwa ṣe gùn tó? Ìwé ìgbaniwọlé ní ọdún mẹ́rin. Àwọn tó wọlé kí àwọn olùkọ́ fásitì tó dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 jókòó sílé títí di oṣù Kejìlá. Wọ́n tún jókòó sílé láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó ń sá eré wákàtí kan lórí ọ̀nà tí kò ní òpin tó hàn, níbo ló fẹ́ kú sí?

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí, kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn máa ń rọrùn lẹ́nu ẹni tó lówó. Ẹni tó wọn ara rẹ̀ fún un, owó ló gbà. Àwa tí a jẹ́ mẹ́jọ nínú yàrá ẹni mẹ́rin, a ò yan bẹ́ńṣì torí pé a jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá dúró níwájú wa tó ní ká fara dà á, ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ wò báyìí ni irú àga tí òun alára jókòó lé. Ẹ rántí Obree: nígbà tó di ọdún 1994, àwọn aláṣẹ eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé fòfin de bó ṣe ń ká apá, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje àgbáyé ní Palermo. Ó tún ṣẹ̀dá òmíràn, ó na apá gbọọrọ síwájú, ó fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1995. Wọ́n fòfin de ìyẹn náà. Àwọn tó ń pinnu bí ara ẹlòmíràn ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀, orí àga ni wọ́n sábà máa ń wà.

Ẹni tí gbogbo èyí wá mú mi rántí ni Màámi. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ta elùbọ́ lórí àpótí kékeré kan tí kò ga tó eékún mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún, a sì mọ̀. Tó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, á dúró díẹ̀ ní ìtẹ̀ kó tó nà tán. Ẹ̀gbọ́n mi fowó ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá pé kí n ra àga tó ní ẹ̀yìn fún un. Mo rà á, mo gbé e lọ sọ́jà. Màámi gbàdúrà fún wa títí, ó sì ní, "Ọmọ mi, bí oníbàárà bá rí mi lórí èyí, wọ́n á ní ọjà ti sú mi ni." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ohun tí òun sọ yẹn ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, àga náà ṣì wà nínú nylon tí wọ́n fi dì í. Oníbàárà kan ló jókòó lé e, ó ń ná elùbọ́. Màámi wà lórí àpótí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bi í léèrè ibi tó ń dùn ún gan-an, torí ó yà mí lẹ́nu pé láti ọjọ́ yìí wá, mi ò tíì bi í rí. Ó wo oníbàárà yẹn lójú, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lápá òsì.